Bí mo ṣe ki mólékù onírù gígùn bọ àárín ìpele amọ̀

Montmorillonite ni amọ̀ tí mo lò. Òun ló pọ̀ jù nínú bẹ́ntónáìtì tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì máa ń pò mọ́ omi. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n tò ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì nípọn ju 0.96 nánómítà lọ. Ìpele wọ̀nyí ní iná nẹ́gétíìfù lára, sódíọ̀mù tó ní iná pọ́sítíìfù ló wà láàárín wọn tó ń dọ́gba rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti lé sódíọ̀mù yẹn jáde, kí n fi mólékù oníkábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀, kí n sì wádìí bó ṣe tẹ́ ara rẹ̀ sí ibẹ̀. Ìwádìí yìí gan-an ló wù mí.

Hexadecyltrimethylammonium bromide ni mólékù náà. CTAB ni gbogbo wa ń pè é. Náítírójìn tó ní iná pọ́sítíìfù ló wà ní orí rẹ̀, kábọ́ọ̀nù 16 tó so kọ́ra sì ni ìrù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ́ńdíṣọ́nà irun, ẹ yí ike rẹ̀ wò: cetrimonium chloride tó sábà máa ń wà níbẹ̀, ìbátan rẹ̀ ni.

Kí n tó wọn ohunkóhun, mo ní láti mọ iye iná tí amọ̀ náà lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CEC. Ti amọ̀ mi jẹ́ 90 meq nínú 100 gíráàmù (meq ni òṣùwọ̀n iye iná; ọ̀kan nínú rẹ̀ bá mílímóòlù kan CTAB dọ́gba). Fún gíráàmù 10, mílímóòlù 9 nìyẹn. Gíráàmù 364.45 ni móòlù kan CTAB, nítorí náà gíráàmù 3.28 ló máa bá iná amọ̀ náà dọ́gba. Mo wọn ìdajì iye yìí fún amọ̀ kìíní, iye náà gan-an fún ìkejì, ìlọ́po méjì rẹ̀ fún ìkẹta. Ẹni tó bá fojú bù ú kò ní mọ ohun tí èsì rẹ̀ ń sọ.

Mo po amọ̀ mọ́ omi dístíìlì, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rò ó mọ́jú. Mo yọ́ CTAB lọ́tọ̀ nínú omi gbígbóná. Bí yàrá yín bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí tí CTAB bá ti tutù ju nǹkan bí 25 °C lọ, ó máa ń dì padà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo dà á sínú amọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni amọ̀ tó ti fọ́n ká nínú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù jọ, tó ń rọ̀ sísàlẹ̀.

Fífọ̀ ló ń súni. Mo ń fi omi àti ẹtánọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, mo ń kán silver nitrate sínú omi ìfọ̀ náà, títí tí kò fi rú mọ́, èyí tó fi hàn pé brómáìdì ti tán. Lẹ́yìn náà mo gbẹ ẹ́ ní 60 °C, mo sì lọ̀ ọ́ kúnná. Nígbà tí mo bu díẹ̀ nínú ìkejì sórí omi, ó kọ̀, kò rì. Amọ̀ tí n kò fi nǹkan kan sí mu omi, ó sì wú.

Ẹ̀rọ XRD, tó ń fi ìtànṣán X wọn ìjìnnà láti orí ìpele kan dé orí èkejì, ló wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Ti amọ̀ lásán jẹ́ nǹkan bí 1.25 nánómítà, ìyẹn ìpele kan pẹ̀lú omi díẹ̀. Ti kìíní sún mọ́ 1.4, ti ìkejì 1.8, ti ìkẹta lé ní 2. Ẹ yọ 0.96 kúrò nínú 1.4: ó ku nǹkan bí 0.44, bí ìrù kan ṣe nípọn. Ẹ yọ ọ́ nínú 1.8, ó ku bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Mólékù yìí fúnra rẹ̀ gùn tó 2.5 nánómítà, ká ní ó dúró ṣánṣán ni, àlàfo náà ì bá ju báyìí lọ fíìfíì. Gbalaja ló nà sílẹ̀ nígbà náà: ẹyọ kan nínú kìíní, méjì lé ara wọn nínú ìkejì. Gerhard Lagaly, onímọ̀ amọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kiel ní Jámánì, ti ṣàlàyé ètò wọ̀nyí dáadáa. Bí iná ìpele bá ṣe pọ̀ tó ni ààyè tó kan mólékù kọ̀ọ̀kan á ṣe kéré tó; ìdí nìyẹn tí ìrù fi máa ń gbérí sókè nínú vermiculite, amọ̀ mìíràn tí iná rẹ̀ ju ti montmorillonite lọ.

Ti ìkẹta, n kò fọkàn tán an tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ju CEC lọ kò fi iná di ìpele mú. Ìrù sí ìrù ló fi ń dì mọ́ra, ẹtánọ́ọ̀lù sì lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Mo dán kaolin, amọ̀ mìíràn, wò pẹ̀lú. CTAB kò wọlé rárá, 0.72 nánómítà ló dúró sí, torí pé ìpele rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iná, háídírójìn sì so wọ́n mọ́ra. DMSO (dimethyl sulfoxide, ohun olómi kan tí wọ́n fi ń yọ́ nǹkan) ló lè já wọ ibẹ̀: ó tì í dé 1.12. Àmọ́ ẹ má fi omi fọ èyí o, nítorí omi á lé DMSO jáde, ìpele náà á sì pa dé padà sí 0.72.