Jíìpù Àtijọ́ Tó Ń Jò: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Bí ẹ bá ń fi Land Cruiser, Pajero tàbí Hilux tó ti pẹ́ kó ẹ̀fọ́ àti tòmátì wọ Mile 12, àbàwọ́n dúdú kan á ti wà nílẹ̀ níbi tí ẹ máa ń páàkì sí. Kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ló yẹ kó lé yín dé Ládìpọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀. Òmíràn wà tí ẹ lè bá gbé fún ọdún méjì. Òmíràn sì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ó ń sun ni, àbí ó ń kán, àbí ó ń dà? Èyí tó ń sun, ara irin á kàn tutù, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò já bọ́ sílẹ̀. Ẹ nù ún, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Èyí tó ń kán, ẹ máa ka iye tó ń gbé lọ. Èyí tó ń dà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bíréèkì àti epo bẹntiróòlù nìkan ni kò sí nínú òfin yìí. Tiwọn, kó sun lásán ti tó kí ọkọ̀ má ṣe kúrò níbi tó wà.

Páálí òru

Lálẹ́, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ sàmì sí ibi tí táyà iwájú bọ́ sí. Ẹ wò ó láàárọ̀. Dúdú tàbí àwọ̀ kọfí tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá pupa, ó sábà máa ń jẹ́ ti jíà ọlọ́tọ̀máàtì tàbí ti páwà sítíárìn. Èyí tó ki, tó ń rùn bí ẹyin tó ti rà, ti dífù (irin rìbìtì tó wà láàárín táyà méjì, tó ń yí wọn) tàbí jíà ọlọ́wọ́ ni. Bó bá mọ́ gaara tàbí ó pọ́n díẹ̀ bí oyin, tó sì wà nítòsí táyà, ẹ fura sí bíréèkì. Ọ́ìlì yìí a máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Omi lásán lábẹ́ ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí, éésì ló tọ̀ ọ́ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Kúláǹtì, omi inú rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ni mo bẹ̀ yín sí. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè pọ́n, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn rẹ̀ sì dùn. Adùn yẹn ló ń tan ajá, ewúrẹ́ àti ọmọ kékeré, májèlé gidi sì ni. Ẹ da iyanrìn lé e, ẹ kó o dànù, kí ẹ fi omi púpọ̀ fọ ibẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀.

Ibi tó tutù lè máà jẹ́ ibi tó ń jò

Ọ́ìlì a máa sàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ìrìn á sì tún gbá a sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wa ọkọ̀ dé Kẹtu kí ẹ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ibi tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú jù nínú gbogbo ibi tó tutù, ibẹ̀ ni orísun rẹ̀. Bí kò bá hàn, ẹ wọ́n pọ́dà ọmọdé sára irin tó ti gbẹ. Ọ́ìlì á fa ìlà fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ọ́ìlì síìlì ńlá (róbà rìbìtì tó ń dí ọ́ìlì mọ́lé) tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà ló bàjẹ́. Kí wọ́n tó pààrọ̀ ìyẹn, wọ́n ní láti sọ jíà kalẹ̀, owó ńlá ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, gáskẹ́ẹ̀tì kọ́fà òkè, róbà tó wà lábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ló ti gan, tí ọ́ìlì rẹ̀ gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì sàn wálẹ̀, tó wá ń kán síbi tó jọ ti síìlì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ òkè wò ná.

Ihò tí dífù fi ń mí

Jíìpù mi ni mo fi kọ́ èyí. Ẹ̀ẹ̀mejì la pààrọ̀ síìlì dífù ẹ̀yìn láàárín ọdún kan, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó tún ń kán. Mẹkáníìkì kẹta, bàbá àgbàlagbà kan ní Muṣin, kò mú sípánà rárá. Ó na ọwọ́ sókè dífù, ó tú róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó fi sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn kò kọjá. Ó fi wáyà ro ó, amọ̀ gbígbẹ gígùn bí ìka jáde. Ó ní kí n ra mínírà tútù kan fún òun, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn, dífù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á sì fẹ́ jáde. Bí amọ̀ bá ti dí ihò yẹn, ẹ̀gbẹ́ síìlì ni afẹ́fẹ́ yóò gbà, yóò sì ti ọ́ìlì jáde pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ló burú jù. Nígbà tí odò Ògùn bá kún, tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí omi gba ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, dífù gbígbóná yín á wọ omi tútù. Afẹ́fẹ́ inú á súnkì, á sì fa omi wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìlì. Bí omi bá ti bo àárín táyà, ẹ yẹ ọ́ìlì dífù wò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bó bá ti funfun bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ bu tuntun.

Nọ́ọ̀tì òkè, tí wọ́n ń gbà bu ọ́ìlì, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Bí tòkè bá kọ̀ láti tú lẹ́yìn tí ẹ ti da ọ́ìlì nù tán, ibẹ̀ lẹ máa sùn. Ẹ bu ọ́ìlì títí yóò fi kan etí ihò náà.

Bí ẹ̀gbẹ́ inú táyà ẹ̀yìn bá tutù, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó rà, ọ́ìlì dífù ti gba síìlì táyà dé ara bíréèkì. Bí kò bá rùn, ọ́ìlì bíréèkì fúnra rẹ̀ ni. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ má kó ẹrù.

Góòmù àti ọṣẹ

Àwọn mẹkáníìkì kan fẹ́ràn góòmù tí wọ́n fi ń dí ibi tó ń jò bí ẹni fẹ́ràn iyọ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù á já sínú ẹ́ńjìnnì, á dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Fífún nọ́ọ̀tì le kò sì lè mú gáskẹ́ẹ̀tì tó ti gan rọ̀. Kọ́fà ló máa tẹ̀. Ní ti tánkì epo, òótọ́ ni pé ọṣẹ ìfọṣọ líle tí ẹ fi dí ojú ibi tó ń jò lè dá a dúró títí ẹ ó fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn sínú ọgbà tí jẹnẹrétọ̀ àti àdògán wà.

Ọ́ìlì tí ẹ bá dà nù, ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó ń tà á. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ọ̀sà ni gọ́tà wa ń já sí.

Iye ọ́ìlì tí mo bá fi kún ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ibi tí mo ń kó ajílẹ̀ sí ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí lítà kan ń gbé e dé oṣù méjì, mi ò dà á láàmú. Nígbà tí lítà kan kò pé ọ̀sẹ̀ kan mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.