Sísè Ẹ̀dọ̀ Adìẹ Pẹ̀lú Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó àti Wáìnì

Bí a bá pa adìẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí ó máa ń tètè bàjẹ́ jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dà pọ̀ mọ́ iwe tí a ó sì bọ̀ títí yóò fi le bí rọ́bà. Ó dùn mí gidigidi, nítorí ẹran tí èròjà irin pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára, yẹ fún ìtọ́jú tí ó dára ju èyí lọ.

Láti inú ọgbà adìẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe pa adìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà yóò fi pé, nítorí ìyókù oògùn máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀. Bí ẹ bá la adìẹ, ẹ ó rí òróòro, àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Ẹ gé e kúrò pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ bíńtín lára rẹ̀ kí ó má baà bẹ́. Bí ó bá sì bẹ́, ẹ gé gbogbo ibi tí ó ti kùn sọnù, nítorí fífọ̀ kì í mú ìkorò yẹn kúrò. Ẹ̀dọ̀ tí ó ní àmì funfun tàbí kókó lára kì í ṣe jíjẹ, ẹ sì pe dókítà ẹran ọ̀sìn kí ó wo àwọn adìẹ tó kù.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ìdajì kílò ẹ̀dọ̀, àlùbọ́sà ńlá 1, ife ọ̀pẹ̀ òyìnbó gígé 1 àti ìdajì ife wáìnì pupa tí kò dùn ti tó. Ẹ má ṣe rẹ ẹ̀dọ̀ sínú omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì kan iná. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní bromelain, tí ó máa ń jẹ ẹran. Ẹ̀dọ̀ tí ó bá sùn sínú rẹ̀ yóò rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Iná ló ń pa agbára rẹ̀, nítorí náà ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ kọ́kọ́ dín nínú òróró díẹ̀, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n tí òórùn dídùn rẹ̀ yóò sì gba ilé ìdáná, kí ẹ tó kó o sápá kan.

Ẹ nu ẹ̀dọ̀ gbẹ dáadáa, kí òróró gbóná kí ẹ tó tò ó síbẹ̀, kí ó má sì fún pọ̀, nítorí bí ó bá fún pọ̀, omi ara rẹ̀ ni yóò máa bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ dín àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ata nínú òróró kan náà, ẹ gbé agbada kúrò lórí iná, ẹ da wáìnì sí i, ẹ gbé e padà, kí ẹ sì fi ṣíbí igi ha ohun tí ó gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀; ibẹ̀ ni adùn ọbẹ̀ yìí wà. Bí wáìnì bá gbẹ dé ìdajì, ẹ da ẹ̀dọ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti iyọ̀ padà sí i. Ẹ la èyí tí ó tóbi jù wò: inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, síbẹ̀ kí ó ṣì rọ̀.

Ọtí inú wáìnì kì í tán pátápátá lórí iná. Fún ọmọdé àti ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, ẹ lo omi ọsàn pẹ̀lú ṣíbí fínígà kan. Aboyún kò gbọdọ̀ máa jẹ ẹ̀dọ̀ lemọ́lemọ́, nítorí fítámìnì A inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọ inú lè gbà lọ.