Ẹ̀yin tó ń múra àtilọ sí Gáńbíà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín ṣòfò sétí òkun ní Banjul. Ẹ gba orí ilẹ̀ lọ sí Janjanbureh, ìlú tó wà lórí erékùṣù láàárín odò, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Apá ibẹ̀ lẹ ti lè rí erinmi, àti àwọn ìnàkí (chimpanzee) lórí erékùṣù tí ìjọba dá sí fún wọn. Ọkọ̀ kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀ o, torí àìsàn wa lè ràn wọ́n. Ẹ má bẹ awakọ̀ pé kó sún mọ́ etí ilẹ̀, ẹ má sì ju oúnjẹ sí wọn. Awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni ni kẹ́ ẹ mú dání.

Ẹ yà ní Wassu, kẹ́ ẹ wo àwọn òkúta tí àwọn ará àtijọ́ tò yípo sójú sàréè. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kà á mọ́ ohun ìní aráyé láti 2006.

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú káàdì yẹ́lò (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Tẹ́ ẹ bá padà dé Banjul, ẹ béèrè àwọn Aku, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá: inú ìkíni wa, “ẹ kú”, ni orúkọ wọn ti wá.