Bí A Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Òpópónà àti Ṣọ́ọ̀bù Tó Ti Parẹ́ ní Àárín Gbùngbùn Èkó

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú wò kí ẹ tó jáde nílé. Àwọn òpópónà kan kò parẹ́ rárá, orúkọ wọn nìkan ló yí padà: Victoria Street inú ìwé àtijọ́ ni Nnamdi Azikiwe Street tí a ń rìn lónìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwòrán ilẹ̀ méjì, kí ọ̀kan ti wà ṣáájú ọdún 1955, tí LEDB (Lagos Executive Development Board), àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn àdúgbò tó há gádígádí nítòsí Broad Street. Ẹ gbé wọn síra, kí ẹ sì fi ohun tí kò ṣípò ṣe àmì, bíi Kàtídírà Christ Church ní Marina. Ẹ má ṣe fi etí omi wọn nǹkan kan o! Wọ́n ti kó ilẹ̀ dí apá kan ọ̀sà níbẹ̀, ilé tí ìwé sì sọ pé ó kọjú sí omi lè má rí omi mọ́.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ìpolówó ọjà inú ìwé ìròyìn àtijọ́, irú bíi Akéde Èkó, wúlò ju ìròyìn gan-an lọ, torí pé oníṣòwò kò ní gbàgbé láti kọ ibi tí oníbàárà yóò ti rí i. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ kọ nọ́ḿbà ilé, iṣẹ́ ibẹ̀ àti ọjọ́ tí ìwé náà jáde.

Fọ́tò tó bá gbé Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, tí wọ́n wó ní 2016, yóò jẹ́ kí ẹ mọ ìhà tí ayàwòrán kọjú sí.

Ṣùgbọ́n Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wó ilé wọn lọ, ni ẹ ti lè rí àgbà tó ṣì rántí. Ẹ má bi ìyá àgbà pé níbo ni òpópónà báyìí wà, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ ní kékeré, ilé ta lẹ máa ń gbà kọjá, ta ló sì ń dín àkàrà níkòríta?” Bí wọ́n ṣe ń to ilé tẹ̀ léra ni kí ẹ máa yà á sórí ìwé. Èyí tí ìpolówó ọjà bá jẹ́rìí sí, ẹ fi yíǹkì kọ ọ́; pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ìyókù.