Bí Ẹ Ṣe Lè Kun Àwòrán Tí Àwọ̀ Rẹ̀ Ń Yí Padà Lójú

Ẹni tó bá fẹ́ kun àwòrán tí kò ní ènìyàn tàbí igi nínú, bí kò ṣe ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nìkan, ní ohun púpọ̀ láti kọ́ lára Josef Albers, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, tó sì jẹ́ pé láti ọdún 1950 títí tó fi kú ní ọdún 1976, kò dẹ́kun kíkun igun mẹ́rin kan sínú òmíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀dà rárá, ẹ gé ègé méjì láti ara páálí aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo, kí ẹ gbé ọ̀kan sí àárín páálí dúdú, kí ẹ sì gbé èkejì sí àárín funfun. Èyí tó wà lórí dúdú yóò mọ́ ju èkejì lọ, nítorí ojú kì í wo àwọ̀ kan láìfi í wé èyí tó yí i ká. Ẹ má kánjú kúrò níbí. Lójú tèmi, òun gan-an ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà funfun kun pátákó tó tẹ́jú. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú tẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti àárín bọ̀ síta, gẹ́gẹ́ bí Albers ti máa ń ṣe, kí funfun abẹ́ lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí àárín tàn bí iná fìtílà, ẹ fi àwọ̀ ọsàn síbẹ̀, kí ẹ sì fi búlúù tó ṣú yí i ká. Nítorí pé àwọ̀ méjì tó bára mu lójú oòrùn lè ṣàì bára mu lábẹ́ gílóòbù, ẹ wò ó nínú méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.