Ẹ Mú Dókítà Ẹṣin Yín Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé l'Ọ̀yọ́ níhìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti rí iṣẹ́ ní ọgbà ẹṣin kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń sọ pé tí owó bá ti wọlé, òun náà á ra ẹṣin tòun. Inú mi dùn. Ohun tí mo sọ fún un nípa bí a ṣe ń yan dókítà ẹṣin níbẹ̀, níbi tí èmi náà ti ní ẹṣin, ni mo ń kọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń lọ.

Nínú agbo ilé wa, kí n tó mọ orúkọ mi kọ ni mo ti ń gé koríko fún ẹṣin bàbá àgbà. Bí ọ̀kan kò bá jẹun, wọ́n á ránṣẹ́ sí bàbá Haúsá kan ní Sábó tó mọ egbòogi ẹṣin. Bí kò bá sí nílé, wọ́n á wá dókítà ẹranko ti ìjọba lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa tọ́jú rẹ̀. Ìmọ̀ tí a kó láti ibẹ̀ kò ṣeé sọnù. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ pé ara ẹṣin kò yá, kí ẹni tó kàwé nípa ẹṣin tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1966 lórí iṣẹ́ dókítà ẹranko sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ Royal College of Veterinary Surgeons, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ẹranko, nìkan ló lè yẹ ẹranko wò, kó sọ àìsàn tó ń ṣe é, kó sì tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú kéékèèké lára ẹṣin tiyín, kò burú. Ẹṣin ẹlòmíì ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí ẹ mọ egbòogi tó. Ẹ lè wá orúkọ dókítà kankan nínú ìwé yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. MRCVS tàbí FRCVS ló máa ń tẹ̀ lé orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń kan bàtà irin mọ́ pátákò ẹṣin: wọ́n ní ìwé orúkọ tiwọn, láti inú òfin ọdún 1975.

Nígbà tí mo ra ẹṣin mi àkọ́kọ́ níbẹ̀, abo ẹṣin pupa kan, ilé ìwòsàn tí owó abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn kéré jù ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ sí. N kò béèrè nǹkan míì. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo bá a tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ikùn ara rẹ̀, ó ń yíjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, òógùn bò ó nínú òtútù. Mo mọ̀ pé inú rírun ni. Mo kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, mo tẹ fóònù. Ẹni tó gbé e ní àwọn ti gbé iṣẹ́ òru fún ilé ìwòsàn míì, ó sì jìnnà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kí dókítà tó dé, dókítà tí kò rí ẹṣin náà rí. Ó yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí lóru ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi, èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ẹṣin.

Wọn kò sì rú òfin. Ìlànà iṣẹ́ wọn ní kí gbogbo dókítà ẹranko tó ń ṣiṣẹ́ ṣètò ìtọ́jú pàjáwìrì àti oògùn ìrora tọ̀sán-tòru, àmọ́ ó gbà wọ́n láyè láti gbé e fún ẹlòmíì. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè iye owó, ni pé: ta ló ń gbé fóònù ní aago méjì òru? Ṣé dókítà tiyín ló ń bọ̀ ni, àbí ti ibòmíì? Láti ibo ló ti máa wakọ̀ wá? Bó bá di pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n máa ń darí ẹṣin lọ, ta ló sì ní ọkọ̀ tí a lè fi gbé e? Bí ìdáhùn wọn bá ń lọ́ tìkọ̀, ẹ wá ibòmíì. Ẹ tún béèrè iye dókítà wọn tó jẹ́ pé ẹṣin gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, torí ajá àti ológbò ló gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Ní ti owó, kò sí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún ẹṣin. Iṣẹ́ abẹ inú rírun máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, owó orí VAT ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lórí owó ìtọ́jú. Ẹ gba ínṣọ́ránsì. Ilé ìwòsàn míì ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúgbò kan, tí owó ìrìn wọn á fi dín kù. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìwé oògùn lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ lọ fi ra oògùn níbi tó ti dínwó.

Páásípọ́ọ̀tì, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ ẹṣin, pọn dandan fún gbogbo ẹṣin, ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni máíkíróṣípù, ẹ̀rọ kékeré ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, ti di dandan fún gbogbo wọn. Ẹ má fi páásípọ́ọ̀tì náà sílé. Ìdí ni pé bute, oògùn ìrora tí wọ́n ń lò jù, kò gbọ́dọ̀ wọ ara ẹṣin tí ènìyàn lè pa jẹ, inú ìwé yẹn sì ni dókítà ti máa rí i pé tiyín kì í ṣe ti jíjẹ.

Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni koríko. Nílé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, à ń wá koríko kiri ni. Níbẹ̀, koríko tútù ìgbà ìrúwé lè sọ ẹṣin di arọ, torí àìsàn pátákò tí wọ́n ń pè ní laminitis. Dókítà tó dáa á bi yín nípa pápá yín, á fọwọ́ kan ọrùn ẹṣin bóyá ọ̀rá ti pọ̀ jù níbẹ̀, á sì ní kí ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò kó tó fún un ní oògùn aràn.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ kọ ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọgbà: nọ́ńbà dókítà, iye owó tí wọ́n lè ná láìdúró dè yín, àti ẹni tó lè gbẹnu yín sọ̀rọ̀ bí dókítà bá ní ìrora ẹṣin ti kọjá àtúnṣe, pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Èyí ṣòro láti kọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ya tèmi kí n tó lè parí rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá lára ilẹ̀kùn ibùso rẹ̀ báyìí. Mo fọwọ́ sí i kí n tó wọkọ̀ òfurufú wá sí Ọ̀yọ́.