Bí mo ṣe ń ya ẹgbẹ́ akọni tó ń jà lọ́run àpáàdì

Bédé là ń pè é níbí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ. Bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù ni mò ń kùn lójú ọ̀sán, bédé ni mò ń yà lálẹ́. Àwọn ọmọ tó ń wá jókòó tì mí ń bèèrè bí àwọn náà ṣe lè ya ẹgbẹ́ akọni tó ń jà nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn òkú. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé.

Má tíì mú kéréyọ̀n. Kọ́kọ́ mọ òfin ìlú tó o fẹ́ wọ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí mo ṣe, akọni mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń fò, gbogbo wọn ń lu èèyàn. Àbúrò mi obìnrin kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀run tí wọ́n lọ yìí, ṣé kò sí ẹbí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ihò òkùnkùn lásán ni mo yà tí mo pè lọ́run.

Òfin ọ̀hún ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń sin òkú, a máa ń wí fún un pé: má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ. Oúnjẹ ni ààlà! Nínú bédé tèmi, akọni tó bá fi ẹnu kan oúnjẹ ìsàlẹ̀ ti di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko ni mo fi ya abọ́ ọbẹ̀ kan, tí ooru ń tinú rẹ̀ jáde, àti ojú àwọn akọni mẹ́rin tí ebi ń pa.

Ilẹ̀ ibẹ̀ náà ò le láti yà. Ọ̀run àpáàdì ló ń jẹ́, àpáàdì ni kó o fi tẹ́ ẹ: ẹnu ìkòkò, ìdí ìṣà, etí àwo, gbogbo ohun tó ti fọ́ láyé. Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Mo kó àfọ́kù lẹ́yìn ilé rẹ̀, mo tò wọ́n síwájú àtùpà, mo sì ń ya òjìji wọn bó ṣe ṣubú sára ògiri.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹgbẹ́. Mẹ́rin tó, bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òǹkàwé ò ní ráyè fẹ́ràn ẹnì kankan. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lágbára kan àti èèwọ̀ kan, kí èèwọ̀ náà sì ti inú agbára yẹn jáde. Málọmọ́ jẹ́ àbíkú tó ti lọ tó ti bọ̀ lẹ́ẹ̀méje, kò sí ọ̀nà ọ̀run tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Amọ̀kòkò ń wọ iná, torí àpáàdì ló tó ko iná lójú, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣubú. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ ń fi orin tú àṣírí òṣìkà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bílẹ̀ bá mọ́, ohùn rẹ̀ lọ nìyẹn. Nísàlẹ̀ tí kò sí oòrùn, ta ló máa mọ ìgbà tílẹ̀ mọ́? Ẹ̀kẹrin ni oní-zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà, tó kú sójú ọ̀nà Pobẹ̀. Alùpùpù rẹ̀ ń gun ògiri, ṣùgbọ́n kì í ṣí láìgbé èrò.

Ní ti ìrísí wọn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọ̀gá mi, ohun tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001. Wo igi orí rẹ̀ dáadáa. Ojú tí wọ́n gbẹ́ máa ń tutù, ó máa ń dákẹ́. Ohun tó wà lókè orí ló ń sọ ẹni tó jẹ́, ejò ni o, ẹyẹ ni o. Ẹni tó wà lẹ́yìn èrò pàápàá mọ ẹni tó ń bọ̀. Nítorí náà, fi tádáwà kun akọni rẹ dúdú látòkè délẹ̀. Bí ọmọdé ò bá lè sọ ẹni tó jẹ́, tún un yà. (Egúngún wà nínú ìtàn mi, ṣùgbọ́n mi ò ya ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rí, mi ò sì ní í yà á. Orò ò sí níbẹ̀ rárá.)

Òkùnkùn ṣòro. Bí dúdú bá bo gbogbo ojú ìwé, fọ́tòkópì á sọ ọ́ di eérú onílà. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ibì kan ṣoṣo nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó o sì fi funfun tó pọ̀ sílẹ̀.

Kọ ọ̀rọ̀ kó o tó fa ìlà yí i ká, torí Yorùbá ń fẹ́ àyè lókè fún ohùn, ó ń fẹ́ àyè nísàlẹ̀ fún àmì. Bíkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi fi àmì sí ìwé kejì mi, fọ́tòkópì sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Akọni ń kú lọ, ó ń kígbe pé "Ju ọ̀kọ̀ sí i!" Ohun tí àwọn èèyàn kà ni pé kí wọ́n ju ọkọ sí i. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, ó sì dùn mí gan-an. Bó o bá ń kọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Benin, pẹ̀lú ɛ àti ɔ, àmì abẹ́ ò ní í sọnù. Ṣùgbọ́n fi bíkì tó nípọn kọ ohùn.

Ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sórí A4, kí wọ́n sún un kì sí ìdá 71 nínú 100, á di A5. A4 mẹ́rin tí a ká sí méjì á fún ọ ní ojú ìwé 16. Bó o bá ń tò ó, ojú ìwé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 17 bí o bá ro wọ́n pọ̀: 16 pẹ̀lú 1, 2 pẹ̀lú 15. Ohun tó máa dẹ́rù bani, fi sójú ìwé 4, 6 tàbí 8, kí òǹkàwé tó ṣí i kó tó rí i.

Ojú ìwé 16 tèmi, àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àkàbà Ìdènà ni mo fi ṣe ẹnubodè ọ̀run, ẹnu ọ̀nà ìlú wa tí ogun Dahomey fọ́ ní 1886. Àwọn mẹ́ta ti kọjá sáyé. Málọmọ́ gbẹ́sẹ̀ kan sókè, kò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti la ẹnu láti pè é.